Áláàmù Tó Ń Ké Láìsí Olè: Bí A Ó Ṣe Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọjà tó wọ́n, kì í sì í ṣe ti owó àjọ. Ti áláàmù ilé ni, ẹ̀rọ tó ń ké bí olè bá fẹ́ jálẹ̀kùn. Ó ti ń pọ̀ sí i nínú ilé àwa ọlọ́jà, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwa la máa ń jí kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa náà la máa ń dé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tó fẹ́ jalè mọ ọjọ́ ọjà bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, àgádágodo nìkan ló ń ṣọ́lé.

Ohun tó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ra nǹkan yìí, tó sì ti pa á tì. Ó ń ké lóru láìsí ẹnikẹ́ni. Ó ń ké lọ́sàn-án nígbà tí ẹni tó ni ín wà ní ìsọ̀. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ ń sáré jáde pẹ̀lú igi àti àdá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń fi ìrọ̀rí bo etí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n kúkú já wáyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: áláàmù tó ń ké lásán burú ju kéèyàn má ní rárá lọ. Ẹni tí kò ní á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, á bẹ aládùúgbò pé kó bá òun fojú sílé. Ẹni tó ní èyí tó ń ké lásán ti gbójú lé e, àwọn ará àdúgbò kò sì gbà á gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí olè bá dé ní tòótọ́, á ké títí, kò sẹ́ni tó máa yọjú.

Nítorí náà, kí a tó já wáyà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ awo. Púpọ̀ nínú ohun tó ń mú un ké ni àwa fúnra wa lè rí, láìtíì pe oníṣẹ́ iná, àti láìfọwọ́ kan ibi tí iná ti lè gbé wa.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Nǹkan yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1853 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Augustus Russell Pope, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí èyí tó ṣe: bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé bá ṣí, iná bátìrì á mú kí agogo dún. Ohun tó ti yí padà láti ìgbà náà pọ̀, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ náà kò yí. Wáyà ni, iná ni, igbe ni.

Ẹ wo alájọ. Láràárọ̀ ló ń jáde, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, á sì padà síbi tó ti gbéra. Bó bá yípo tó padà dé, ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá padà, ariwo ta! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni áláàmù rí. Àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ló ń rán iná díẹ̀ jáde. Iná náà á gba inú wáyà lọ sára ilẹ̀kùn, sára fèrèsé, sọ́dọ̀ ojú tó ń ṣọ́ pálọ̀, á sì padà. Bí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀nà já, iná kò padà, àpótí á ní kí fèrè ké. Ṣùgbọ́n àpótí kò rí ẹni tó já ọ̀nà náà. Kò mọ̀ bóyá olè ni, bóyá èkúté ló jẹ wáyà, bóyá síkúrù kan ló dẹ̀. Lójú tiẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Òun kò purọ́: nǹkan kan já lóòótọ́. Àwa ló kù tí a ó wá ibi tó ti já.

Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀. Àpótí yẹn ni orí. Inú rẹ̀ ni bátìrì wà, tó ń gbé e ró bí NEPA bá múná lọ. (A mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ NEPA padà láti 2005, àti pé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ti ń pín iná láti 2013, ṣùgbọ́n ẹnu wa ò tíì kúrò nínú orúkọ náà, ẹ má bínú.) Ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà àṣírí máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òòfà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ojú tó ń ṣọ́ yàrá wà ní igun òkè. Fèrè wà níta, níbi tí ọwọ́ kò ti lè tètè tó o.

ÌWÉ IGBE

Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé. Ẹ so bírò mọ́ ọn, kí ẹ fi í kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ìgbàkúùgbà tí áláàmù bá ti ké láìsí olè, kí ẹni tó wà nílé kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ọjọ́ àti aago, bóyá iná wà, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, òjò ni o, afẹ́fẹ́ ni o, oòrùn ni o, àti nọ́ńbà tó yọ lójú àpótí.

Ẹ má fojú kéré èyí tó kẹ́yìn yẹn. Àwọn oníṣẹ́ máa ń pín ilé sí ọ̀nà-ọ̀nà, wọ́n ń pè é ní sóònù. Ilẹ̀kùn iwájú lè jẹ́ sóònù 1, ilẹ̀kùn ilé ìdáná 2, pálọ̀ 3. Bí áláàmù bá ké, nọ́ńbà sóònù tó mú un ké á yọ lójú àpótí, tàbí kí iná pupa ti sóònù náà máa ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó. Wọ́n á sáré tẹ nọ́ńbà àṣírí kí ariwo lè dákẹ́, wọ́n á sì padà lọ sùn. Lára ọ̀pọ̀ àpótí, ẹ̀rí yẹn á ṣì wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí a bá tún tan áláàmù; bí a bá ti tún un tàn, ó lọ nìyẹn. Ẹ wò ó kí ẹ tó tún un tàn. Bí oníṣẹ́ tó ṣe é kò bá kọ orúkọ sóònù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún yín, ẹ pè é padà kó wá kọ ọ́. Ara iṣẹ́ tí ẹ sanwó rẹ̀ ni, kì í ṣe ojúrere.

Bí ẹ bá kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta àǹkárá ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó dá a lójú pé ẹnì kan nínú ilé ló ń yọ́ ṣí fèrèsé. Ó ti ń fura sí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń tú ẹrù ọmọ náà wò bí kò bá sí nílé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, igbe méje ló wà nínú ìwé. Mẹ́fà nínú wọn, ọjọ́ tí iná ti lọ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Ọmọ yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bátìrì ni! Ẹ ò rí i pé bátìrì kan ṣoṣo ì bá ti lé ọmọ ọlọ́mọ padà sí abúlé pẹ̀lú ẹ̀sùn olè lórí.

BÁTÌRÌ

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù nílẹ̀ wa nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Bátìrì inú àpótí sábà máa ń jẹ́ fólítì 12, ámpù 7, irú èyí tí wọ́n dé pa tí a kì í bu omi sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Ká ní àpótí àti ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ ń jẹ ámpù 0.3 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín 7 sí ọ̀nà 0.3, á fún wa ní bíi wákàtí 23. Ìyẹn bó bá jẹ́ tuntun tó sì kún. Níbi tí iná ti ń lọ fún wákàtí kan péré tó sì ń padà dé, kò sí ìṣòro. Níbi tiwa, ó lè lọ lọ́jọ́ Ajé kó má dé títí di Ọjọ́rú. Bátìrì á gbẹ dé ìdí, kó sì tó kún padà, iná tún ti lọ. Ó dà bí ẹni tó ń jẹ owó òwò lójoojúmọ́ tí kò dá nǹkan kan padà sínú rẹ̀. Bátìrì tó bá ń gbẹ lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú, ooru náà sì tún ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Ọdún 3 sí 5 ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ń lò. Ní ilé tó gbóná, tí iná kò sì dúró, ẹ múra sílẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó tó bẹ́ẹ̀.

Àmì rẹ̀ kò pamọ́. Àpótí á máa dún "pí" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí òròmọdìẹ tó wá ìyá rẹ̀ tì. Tàbí kí áláàmù ké ní kété tí iná bá lọ, tàbí ní kété tó bá dé. Tàbí kí ohùn fèrè rẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Ọ̀nà kan wà láti fi dán an wò. Ẹ jẹ́ kí áláàmù wà lórí iná fún ọjọ́ kan gbáko, lẹ́yìn náà kí ẹ pa súìṣì tó ń fún un níná, kí bátìrì nìkan máa gbé e. Bó bá kú tàbí tó ké kí wákàtí kan tó pé, bátìrì ti parí iṣẹ́. Oníṣẹ́ tó ní mítà lè wọ̀n ọ́n pẹ̀lú: bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, á ka bíi fólítì 12.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ka 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ẹ gbọ́ o, ẹ má ṣí àpótí náà fúnra yín. Iná bíi fólítì 220 láti ara ògiri ló ń wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di kékeré. Kódà bí ẹ bá pa súìṣì, súìṣì mìíràn lè wà tí oníṣẹ́ kò sọ fún yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bọ́tìnì kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ tó ń mú un ké bí ẹnì kan bá ṣí i, kí olè má baà rí i bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣí i, kí ẹ dúró tì í.

Bí ẹ bá lọ ra bátìrì, ẹ ra á bí ọlọ́jà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára rẹ̀. Bátìrì tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ láìgba iná ti ń kú lọ níbẹ̀. Ẹ gbé méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lọ́wọ́. Òjé ló ń gbé iná nínú rẹ̀, òjé sì wúwo, nítorí náà ẹ fura sí èyí tó bá fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bí wọ́n tilẹ̀ kọ ámpù 7 sí i gàdàgbà. Àwọn kan sì máa ń dámọ̀ràn pé ká so bátìrì mọ́tò mọ́ ọn kó lè pẹ́. Ẹ má gbà. Ìgbaná inú àpótí kò lágbára tó láti bọ́ bátìrì mọ́tò, ó lè jó, omi iná inú bátìrì náà sì ń tú afẹ́fẹ́ tí kò dára jáde nínú yàrá. Ẹni tó bá ti ní ìnfátà tàbí sólà nílé, kó ní kí oníṣẹ́ fa iná áláàmù láti ibẹ̀. Ìyẹn ló dára jù.

ILẸ̀KÙN ÀTI FÈRÈSÉ

Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn jẹ́ ẹ̀yà méjì. Òòfà wà lára ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Èyí tí wáyà wọ̀ wà lára férémù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú èyí tó wà lára férémù. Bí òòfà bá wà nítòsí, irin méjèèjì á fẹnu kan ara wọn, iná á kọjá. Bí òòfà bá jìnnà, wọ́n á yà, ọ̀nà já. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò fẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín òòfà àti èkejì rẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ.

Báyìí, ẹ ro ti ilẹ̀kùn onígi wa. Ní àkókò òjò, ó wú, kò fẹ́ tì dáadáa, a sì ń fi èjìká tì í. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ó gbẹ, ó sún kì, àlàfo wà. Òòfà tí wọ́n lẹ̀ ní oṣù kejì lè má bá èkejì rẹ̀ mu mọ́ nígbà tó bá fi máa di oṣù keje. Bí ìwé igbe yín bá ń sọ pé ọjọ́ òjò tàbí ọjọ́ afẹ́fẹ́ ni, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀kùn kan náà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó wò. Ẹ ti ilẹ̀kùn náà, kí ọmọ kan dúró ti àpótí, kí ẹ wá máa mi ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí atẹ́gùn ń mì í. Bí iná sóònù náà bá ń ṣẹ́jú, àlàfo ti pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, síkúrù méjì tí a mú le ti tó. Nígbà mìíràn, gbẹ́nàgbẹ́nà ló máa tún ilẹ̀kùn ṣe, kì í ṣe oníṣẹ́ iná rárá.

Ilẹ̀kùn onírin tún ní tirẹ̀. Irin máa ń fa agbára òòfà mọ́ra, kì í jẹ́ kó dé ibi tí à ń rán an. Òòfà kékeré aláwọ̀ funfun tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀kùn onígi, bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, lónìí á ṣiṣẹ́, lọ́la á kọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún irin, wọ́n tóbi, wọ́n sì lágbára. Ẹ bèèrè fún un. Bí owó kò bá tíì sí, kí oníṣẹ́ fi pákó tàbí ike tó nípọn díẹ̀ sáàárín òòfà àti irin.

OJÚ TÓ Ń ṢỌ́ YÀRÁ

Àwọn èèyàn rò pé ojú yìí ń ríran bí tiwa. Rárá. Ooru ló ń wò. Bí nǹkan tó gbóná ju ògiri lọ bá ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ti rí i nìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kó dojú kọ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé, tàbí kó wà lókè fíríìjì tàbí sítóòfù, tàbí kó máa wo kọ́tìnì tí fáànù ń fẹ́. Bí ìwé igbe yín bá ń sọ pé aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán ló ń ké lójoojúmọ́, ẹ lọ dúró ní yàrá náà ní aago yẹn, kí ẹ wo ibi tí oòrùn dé.

Bó bá jẹ́ òru ló ń ké, tí kò sì sí ẹni tó dìde, ẹ wo ọmọńlé. Ọmọńlé tó bá wà ní ògiri ọ̀hún kò lè ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gun orí ike ojú rẹ̀ gan-an, lójú tiẹ̀ bí èèyàn ló ṣe tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláǹtakùn tó ta sára rẹ̀ àti aáyán tó gba ihò wáyà wọ inú rẹ̀. Ẹ pa áláàmù, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nu ojú rẹ̀, ẹ má fi ọṣẹ líle tàbí kẹrosíìnì nù ún o. Kí oníṣẹ́ fi gọ́ọ̀mù dí ihò tí wáyà gbà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n oògùn kòkòrò, ara ògiri ni kí ẹ fọ́n ọn sí, kì í ṣe ojú áláàmù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Ara èèyàn gbóná tó ìwọ̀n 37. Bí yàrá fúnra rẹ̀ bá gbóná súnmọ́ bẹ́ẹ̀, bíi pálọ̀ abẹ́ páànù tí a ti pa lọ́sàn-án oṣù kẹta, ojú yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti ògiri. Olè lè rìn kọjá kó má ké. Ìyẹn burú ju igbe lásán lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń fura sí áláàmù tó dákẹ́. Nítorí náà, ẹ má gbára lé ojú nìkan. Kí òòfà wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé náà. Ẹ sì dán ojú wò ní ọ̀sán gangan tí yàrá gbóná, kì í ṣe ní òwúrọ̀ tó tutù: ẹ rìn kọjá níwájú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ẹ wo bóyá iná kékeré ara rẹ̀ á tàn.

ÀWỌN YÒÓKÙ

Wáyà inú àjà, èkúté ni ọ̀tá rẹ̀. Bí sóònù kan bá ń ké nígbà gbogbo, tí òòfà rẹ̀ dára, tí ojú rẹ̀ mọ́, oníṣẹ́ ni kí ẹ pè kó wá tọpa wáyà. Fèrè tó wà níta, omi òjò lè wọ̀ ọ́, ìdérí rẹ̀ sì lè dẹ̀. Òun náà ní bọ́tìnì abẹ́ ìdérí tó ń mú un ké.

Àwọn kan nínú wa ra èyí tí kò ní wáyà, tó ń fi síìmù pe fóònù wa ní ìsọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ yàtọ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ní bátìrì kékeré tirẹ̀ tó yẹ ká máa pààrọ̀. Síìmù inú rẹ̀ ń fẹ́ káàdì bí ti fóònù, ó sì gbọ́dọ̀ ní NIN. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí síìmù tí kò ní NIN pe ẹnikẹ́ni mọ́. Síìmù tó jókòó fún oṣù mẹ́fà láìpe ẹnikẹ́ni, láìra káàdì, iléeṣẹ́ lè pa á. Áláàmù kì í sì í pe ẹnikẹ́ni bí olè kò bá dé! Ẹ máa fi í pe ara yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ká má gbàgbé àwọn ará ilé. Ọmọ tó ti iléèwé dé, tí kò rántí nọ́ńbà àṣírí, ìyá àgbà tó dìde lóru láti mu omi, ẹni tó ti ilẹ̀kùn tí kò wọlé dáadáa kó tó tan áláàmù: wọ́n ń mú un ké ju bí bátìrì tó kú ṣe ń mú un ké lọ nínú ilé mìíràn. Ẹ kọ́ gbogbo wọn, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ẹnì kan bá kó kúrò nílé, ẹ yí nọ́ńbà náà padà lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà tó bá a wá láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, tí oníṣẹ́ mọ̀, ẹ yí ìyẹn náà. Ẹ sì ní kí oníṣẹ́ dín àkókò tí fèrè fi ń ké kù sí bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ìdí tó fi máa ké láti àárọ̀ dọ́sàn-án nígbà tí ẹ wà lọ́jà.

Ẹ ṣọ́ra fún oníṣẹ́ tó bá dé, tí kò wo ìwé, tí kò bèèrè sóònù, tó kàn sọ pé "Mọ̀mọ́, àpótí yìí ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká ra tuntun." Ẹ gbé ìwé igbe lé e lọ́wọ́. Oníṣẹ́ gidi á kà á. Bí ó bá sọ pé òun máa yọ sóònù kan kúrò títí òun ó fi rí nǹkan rà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́ tó yọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àgádágodo kún ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀pọ̀ "títí n ó fi padà wá" ti di ọdún méjì.

Nígbà tí ó bá ti wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì láìké lásán, ẹ lọ bá àwọn aládùúgbò, àwọn ọdẹ àdúgbò àti alága onílé. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ariwo tó ti kọjá, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti tún un ṣe. Ẹ fún ẹni méjì nínú wọn ní nọ́ńbà fóònù yín. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn, kí ẹ sì máa ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí gbogbo èèyàn wà nílé.

Bó bá sì ké tí ẹ ń darí bọ̀ láti ọjà, tí ẹ bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ẹ má dá wọlé, ẹ jàre. Ẹ dúró lọ́nà jíjìn, ẹ pe àwọn aládùúgbò àti ọlọ́pàá. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà wà. Àwa tí a wà nílẹ̀ yìí lè ra tẹlifísàn mìíràn.

Ẹni tí áláàmù rẹ̀ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn gbogbo èyí, kó mú ìwé igbe rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. A ó jọ kà á lẹ́yìn tí a bá gba owó ìpàdé tán.